Ìgbì Tó Lè Lọ Àmọ́ Tí Kò Lè Bọ̀

Ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ohun tó ń mu ìgbì tó bá gba apá kan wá, àmọ́ tó ń jẹ́ kí èyí tó gba apá kejì wá kọjá. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí páálí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ojú ẹ̀ kan jẹ́ fóòmù dúdú tí wọ́n po kábọ́ọ̀nù mọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ. Tí mo bá ta ìgbì rédíò sí ojú fóòmù, ó máa gbé e mì káló, tí mo bá wá yí i padà, irin á ta á padà sí mi lójú. Ẹnì kan á ní ẹ ò rí i, nǹkan yìí mọ apá tí ìgbì ti ń bọ̀! Kò mọ nǹkan kan o.

Ẹ wò ó, ìgbì tó bá kan ohunkóhun, nǹkan mẹ́ta péré ló lè ṣẹlẹ̀ sí i: kó kọjá, kó ta padà, àbí kó di ooru síbẹ̀. Èyí tó kọjá gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́. Níbi páálí yìí, kò sóhun tó kọjá láti iwájú, kò sóhun tó kọjá láti ẹ̀yìn, òdo àti òdo dọ́gba. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Lorentz, onímọ̀ físíìsì kan, pè nìyẹn: bí ìgbì bá ṣe kọjá tó nígbà tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló máa kọjá tó tó bá ń bọ̀. Bí mo bá ń rí ojú yín nínú dígí, ẹ̀yin náà ń rí ojú mi, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fi dígí lásán yọ́ mi wò.

Metamaterial náà ò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, irin kéékèèké tí wọ́n tò ní àrà-àrà sórí pátákó ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré sí gígùn ìgbì tí wọ́n fẹ́ mú, ìgbì á wá rí gbogbo ẹ̀ bí ohun kan ṣoṣo. Lọ́dún 2008, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Landy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ kan, nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ó mu ju 88% ìgbì lọ ní 11.5 GHz, ìyẹn ìgbì tó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 11.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, àmọ́ kò sí òòfà níbẹ̀, Lorentz ṣì ni ọ̀gá.

Ìgbà tí òòfà bá dé ni nǹkan yí padà. Ẹ mú ferrite, ohun dúdú líle bíi tánganran tí wọ́n fi ìpẹtà irin ṣe. Àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ẹ̀ dà bí òòfà kéékèèké, tẹ́ ẹ bá gbé òòfà ńlá tì í, wọ́n á máa fì yípo bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú, gbogbo wọn á sì máa yí sí apá kan náà. Ìyára wọn tó nǹkan bí 28 GHz fún tesla kan (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà), torí náà ìgbì 10 GHz á gba nǹkan bí 0.36 tesla. Ìgbì tó bá ń yí bí òkòtó yẹn ṣe ń yí, ṣe ló dà bí ẹni tó ń ti ọmọ lórí jangilọ́fà lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́, agbára á máa wọlé, á di ooru. Èyí tó ń yí sódì? Kò bá wọn mu rárá, ó kọjá lọ tiẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Nínú ọ̀pá irin onígun mẹ́rin tí wọ́n ń gba ìgbì kọjá, agbára òòfà ìgbì kàn ń lọ sọ́tùn-ún sósì ni láàárín gbùngbùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa kan ibì kan tó ti ń yí róbótó, tí ìgbì bá ń lọ ó ń yí sọ́tùn-ún, tó bá ń bọ̀ ó ń yí sósì. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lẹ ferrite mọ́. Ẹ sún un sí àárín, idán ti bàjẹ́, á máa mu láti apá méjèèjì bákan náà.

Iṣẹ́ tí metamaterial wá ń ṣe nìyí o: dípò ká máa wá ibi tí ìgbì ti ń yí, irin tí a tò sórí ferrite ló máa mú kó yí níbi tó wù wá, lórí pátákó pẹlẹbẹ. Wọ́n nílò ẹ̀ gan-an. Rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lọ́nà jíjìn, ò fẹ́ kí agbára tó tú jáde padà wá ba ẹ̀rọ ẹ̀ jẹ́, kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù náà ò fẹ́ kí ariwo ẹ̀rọ tó ń sọ sígínà di ńlá padà sórí qubit, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó fi ń ṣírò nínú òtútù ńlá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òòfà wúwo, sáàkíìtì tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdíwọ́ nínú òtútù ńlá yẹn sì kórìíra ẹ̀.

Ẹnì kan bi mí pé tá a bá dorí òòfà kodò ńkọ́? Àwọn òkòtó á yí padà sódì, èyí tó ń kọjá tẹ́lẹ̀ ló máa wá di èyí tí wọ́n gbé mì. Ẹlòmíì ní agbára tó mu yẹn dà? Ferrite ló ń gbóná, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ńlá sì máa ń gba kí omi máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí tó bá gbóná jù, agbára òòfà inú ẹ̀ á dínkù, á sì kúrò lórí 10 GHz tẹ́ ẹ fi í sí.