Ìbò Tí A Dì, Àmánà Ni: Bí Mùsùlùmí Ṣe Ń Béèrè Ìṣirò Lọ́wọ́ Aṣojú Rẹ̀

As-salāmu ‘alaykum wa rahmatul-Lāhi wa barakātuh, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó jẹ́ ká tún fojú rí Jímọ̀ míràn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Bí a bá ti kírun tán lónìí, tí a jókòó síwájú mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde. "Ẹni tí a dìbò fún yìí, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ o." Gbogbo wa á mirí, ẹnìkan á ṣépè, òmíràn á ní kí Ọlọ́hun ṣèdájọ́, oníkálukú á sì gbalé lọ. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọ́. Kò sí bébà kan tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Báyìí ni ọdún mẹ́rin ṣe ń lọ.

Ọlọ́hun sọ nínú Sūrah an-Nisā’ (4:58) pé Òun ń pa yín láṣẹ kí ẹ dá àwọn ohun àfipamọ́ padà fún àwọn olóhun. Àmánà ni ìbò. Ta ni ó gbé owó pamọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kì í padà lọ bi í pé owó mi dà? Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ní ìlànà. Ẹ̀sùn tí a kò gbé dé ibi tó yẹ, àròyé lásán ni. Ẹ̀sùn tí a kò wádìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kúfà, ìlú kan ní Iraq, bí Jābir ọmọ Samurah ṣe gbà á wá nínú Bukhārī. Àwọn ará Kúfà gbé ẹjọ́ gómìnà wọn, Sa‘d ọmọ Abī Waqqās, lọ bá ‘Umar tó jẹ́ olórí àwọn mùsùlùmí nígbà náà. Sa‘d kì í ṣe ẹni kékeré: ó wà lára àwọn mẹ́wàá tí Ànábì ṣèlérí ọgbà ìdẹ̀ra fún. Ẹjọ́ wọn le débi pé wọ́n ní kò mọ ìrun kí dáadáa. ‘Umar kò sọ pé, "Ẹ̀yin wo ló ń ba sàhábà ńlá lórúkọ jẹ́?" Ó yọ Sa‘d nípò ná, ó fi ‘Ammār rọ́pò rẹ̀, ó sì pe Sa‘d kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Sa‘d ní ìrun Ànábì lòun ń kí pẹ̀lú wọn, òun ń fa rakà méjì àkọ́kọ́ gùn, òun sì ń ké méjì ìkẹyìn kúrú. ‘Umar ní bí òun ṣe rò ó sí i náà nìyẹn. Síbẹ̀ kò parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ó rán àwọn èèyàn tẹ̀ lé Sa‘d padà lọ sí Kúfà, wọn kò sì fi mọ́sálásí kan sílẹ̀ láìwọ̀. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ dáadáa nípa Sa‘d, àfi ní mọ́sálásí àwọn ọmọ ‘Abs. Ọkùnrin kan dìde níbẹ̀, Usāmah ọmọ Qatādah, ó ní Sa‘d kì í bá ọmọ ogun jáde, kì í pín nǹkan dọ́gba, kì í sì í dájọ́ òdodo. Sa‘d gbé ọwọ́ àdúà sókè pé bí ọkùnrin yìí bá ń parọ́, tó dìde torí kí wọ́n lè rí i, kí Ọlọ́hun fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn, kó fa òṣì rẹ̀ gùn, kó sì fi í kan àdánwò. ‘Abdul-Malik, tó gba hàdíìsì náà lẹ́nu Jābir, sọ pé òun rí ọkùnrin náà lẹ́yìn ìgbà náà, tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti já bo ojú rẹ̀ nítorí ogbó, tó ń yọ àwọn ọmọdébìnrin lẹ́nu lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ‘Umar fẹ́ kú, ó ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé òun kò yọ Sa‘d torí pé kò kápá iṣẹ́ tàbí pé ó jalè. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀tọ́: ẹni tí ìwádìí bá dá láre, kí á dá a láre ní gbangba.

Kí ni èyí kọ́ wa nípa sẹ́nétọ̀ àti aṣojúṣòfin tiwa?

Kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sẹ́nétọ̀ 3. Nínú ilé aṣojúṣòfin l'Abuja, Èkó ní 24, Ọ̀yọ́ ní 14, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Oǹdó ní 9 ní 9, Èkìtì ní 6. Lẹ́yìn wọn la ní aṣòfin ìpínlẹ̀, kí á tó wá kan kansẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù. Bí gọ́tà àdúgbò bá dí tí o lọ ń bú sẹ́nétọ̀, o ti ṣi ẹnu-ọ̀nà. Káńsù ni kó o gbà lọ. Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, kansẹ́lọ̀ kò lè dáhùn rẹ̀. Ìdajì ìbínú wa ló ń ṣòfò sí ojúlé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mọ bí wọ́n ṣe ń dìbò nínú ilé, torí ibẹ̀ ni àṣírí pọ̀ sí jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn ni wọ́n fi ń dìbò. Ẹni tó jókòó sórí àga á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí pé "aye", kí àwọn tó lòdì wí pé "nay", òun á sì lu òòlù fún ohùn tó rò pé ó pọ̀ jù. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní wọ ìwé. Bí aṣojú rẹ bá wá délé tó ní òun lòdì sí i, kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Àmọ́ ọmọ ilé kan láṣẹ láti dìde pé òun kò gbà, kí wọ́n ka orí. Ìgbà yẹn ni orúkọ á tó wọ̀wé.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí ilé aṣòfin àgbà ń gbé òfin ètò ìdìbò yẹ̀ wò, lórí bóyá INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, yóò máa fi ẹ̀rọ ayélujára fi èsì ìbò ránṣẹ́. Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe ní kí wọ́n ka orí. Àwọn 52 dìbò pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ àti ti ilé aṣòfin, àwọn 28 ní kí wọ́n fi ìpinnu sílẹ̀ fún INEC, àwọn 28 kò sí níjòkòó. Àwọn 28 tí kò wá yìí ló máa ń dùn mí jù, nítorí wọ́n lè padà wálé kí wọ́n sọ fún ìhà méjèèjì pé ọ̀rẹ́ yín ni wá. Ariwo àwọn aráàlú kò dáwọ́ dúró, ilé tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, òfin tí ààrẹ wá buwọ́ lù ní oṣù Kejì ọdún 2022 sì fún INEC láàyè láti pinnu ọ̀nà tí èsì yóò gbà. Nítorí náà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dìbò tán. Kí àbá òfin tó dé ìkàwé kẹta, èyí tó kẹ́yìn nínú ilé, ni kí ìwé yín ti dé: ẹ̀gbẹ́ wo lẹ óò dìbò sí, ṣé ẹ óò sì béèrè kí wọ́n ka orí?

Ìwé náà kò gbọ́dọ̀ gùn ju ojú ewé kan lọ. Irú èyí:

"Sí ẹni ọ̀wọ̀ tó ń ṣojú ẹkùn wa. Àwa olùdìbò tí orúkọ àti wọ́ọ̀dù wa wà nísàlẹ̀ yìí ń fẹ́ èsì sí ìbéèrè mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ilé dìbò lórí àbá òfin yìí, ṣé ẹ wà níjòkòó, ibo lẹ dìbò sí, kí sì ni ìdí rẹ̀? Omi ẹ̀rọ tí wọ́n kọ orúkọ ìlú wa sí nínú ètò ìṣúná ọdún tó kọjá, ibo ni iṣẹ́ dé? Ọjọ́ wo lẹ óò wá bá wa jókòó ní gbọ̀ngàn ìlú? A ń retí èsì láàrin ọjọ́ 14."

Ẹ kọ déètì sí i. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ọ́fíìsì rẹ̀ lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ àti ọjọ́, kí ẹ mú un padà. Láìsí òǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn kò rí ìwé kankan. Ẹ má kọ ìbéèrè mẹ́wàá. Èyí tó rọrùn jù ni wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì ní àwọn ti fèsì. Ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má sì bú u. Fir‘awn tó pe ara rẹ̀ lólúwa ni Ọlọ́hun rán Mūsā àti Hārūn sí, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ (20:44). Sẹ́nétọ̀ wa kò burú tó Fir‘awn, ìwọ náà kò sì mọ́ tó Mūsā.

Ní ti iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o, torí ibí ni ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ti ń dá ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu. Aṣòfin máa ń dábàá iṣẹ́, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìlà yẹn nínú ètò ìṣúná ló ń gbé e fún agbaṣẹ́ṣe. A kì í ka owó náà sí aṣòfin lọ́wọ́. Pé wọ́n kọ mílíọ̀nù 30 sí orúkọ ìlú yín kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti tú owó náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló máa ń wà lórí ìwé tí owó rẹ̀ kò jáde, tàbí tó jáde láàbọ̀. Bí o bá dìde pé "ó ti kó mílíọ̀nù 30 wa jẹ" láìmọ èyí, ìwọ àti Usāmah ọmọ Qatādah ti jókòó sórí ẹní kan náà. Lọ sórí ìkànnì ọ́fíìsì ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀, wa orúkọ ìlú yín, kọ nọ́ńbà iṣẹ́ náà, iye owó àti iléeṣẹ́ tó ni ín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Iléeṣẹ́ yẹn gan-an ni kí o kọ̀wé sí. Òfin tí wọ́n ń pè ní FOI, tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba láìsọ ìdí tó o fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi fèsì. Wọ́n lè fi 7 míràn kún un bí ìdí bá wà. Bí wọ́n bá kọ̀, o ní ọjọ́ 30 láti gba ilé ẹjọ́ lọ, ìtanràn ₦500,000 sì wà fún iléeṣẹ́ tó bá fi ẹ̀tọ́ dù ọ́. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kọ náà lè sọ ọ́ lẹ́nu, òṣìṣẹ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀, kì í ṣe Abuja nìkan. Ohun mẹ́ta ni kí o béèrè: èló lẹ ti tú sílẹ̀, ta ni agbaṣẹ́ṣe, níbo ni ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ wà?

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, kí á kàn pè é padà sílé. Òótọ́ ni pé abala 69 ìwé òfin ọdún 1999 fàyè gbà á, 110 sì wà fún aṣòfin ìpínlẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ. Ìdajì àwọn tó jáde dìbò kò tó. Nínú orúkọ wọ̀nyẹn ni òkú wà, ẹni tó ti kó lọ sí Kánò wà níbẹ̀. Ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ Kogi West, olùdìbò 351,146 ló wà; wọ́n kó ìbuwọ́lù tó ju 188,000 jọ. Nígbà tí INEC ní kí àwọn tó buwọ́ lù ú wá fara hàn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn 18,742 péré ló jẹ́ ojúlówó. Ní Kogi Central lọ́dún 2025, nínú olùdìbò 474,554, ìbuwọ́lù 208,132 ni wọ́n kó wá. Ó ku 29,146 kó tó pé, INEC sì dá a nù. N kò sọ pé àwọn tí wọ́n fẹ́ pè padà yẹn jẹ̀bi tàbí wọ́n jàre. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò tíì sí aṣòfin àpapọ̀ kan tí wọ́n pè padà rí, kí ẹ má fi gbogbo agbára yín lé e. Ẹ wo abala 68: aṣòfin tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ lọ́dún láìnídìí, ó pàdánù àga rẹ̀. Ọjọ́ 181 ló kéré jù tí ilé gbọ́dọ̀ jókòó lọ́dún. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí kò wá sí ìjókòó sílẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí ọwọ́ àwa náà. Ànábì sọ nínú hàdíìsì Bukhārī àti Muslim pé ẹni mẹ́ta ni Ọlọ́hun kò ní bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó bá olórí ṣe májẹ̀mú nítorí ayé nìkan: bó bá fún un, á dúró tì í; bí kò bá fún un, á yẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ni "dìbò kó o sebẹ̀". Ẹni tó gba owó lójú ibùdó ìdìbò, ẹnu rẹ̀ ti wúwo láti béèrè nǹkan kan. Ẹ̀yin àáfà àti lemọ́mù, ẹ rántí ọkùnrin tí Ànábì rán lọ gba sàká tó padà dé pé, "Èyí jẹ́ tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ." Ànábì gorí mímbárì, ó bi í pé kí ló dé tí kò jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kó wò ó bóyá ẹ̀bùn á wá bá a níbẹ̀. Ìrẹsì Ramadan àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n lẹ fọ́tò aṣòfin mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn inú ètò ìṣúná ló ti jáde. Kí á tó fi mímbárì yin ẹni tó kó o wá, ẹ jẹ́ ká béèrè owó ta ni.

Nígbà tí Mu‘āwiyah wà lórí àlééfà, sàhábà kan wọlé tọ̀ ọ́, ó ní òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kò sí olórí tó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ aláìní àti ẹni tó ní bùkátà, àfi kí Ọlọ́hun ti ìlẹ̀kùn sánmọ̀ mọ́ bùkátà tirẹ̀. Tirmidhī ló gbà á wá. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Mu‘āwiyah yan ọkùnrin kan tí yóò máa gbọ́ bùkátà àwọn èèyàn. Ìbéèrè kẹrin nìyẹn, bí ààyè bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìwé yín: ibo ni ọ́fíìsì yín wà ní ẹkùn wa, ta lẹ fi síbẹ̀, ọjọ́ wo ló ń ṣí, aago mélòó sì ni?