Bí A Ṣe Ń Ka Ohun Ẹlẹ́mìí Inú Oko Kajú

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Oko kajú kan lẹ́bàá Kabba ni a wà lónìí, ní àkókò òjò, láti wo àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé ibẹ̀ àti ohun tó so wọ́n mọ́ àyíká wọn.

Ẹ so igi mẹ́rin pọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 1. Ẹ má ṣe fi ojú yan ibi tí ẹ ó gbé e sí, nítorí ibi tí nǹkan pọ̀ sí ni ojú máa ń lọ. Ẹ kẹ́yìn sí oko, kí ẹ ju òkúta sẹ́yìn, ibi tó bá balẹ̀ sí ni kí ẹ gbé igi náà lé; ohun tó bá wà láàárín rẹ̀ ni ẹ ó kà.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ipò ohun aláìlẹ́mìí sílẹ̀: ṣé oòrùn ń kan ilẹ̀ náà, ṣé ó tutù, ṣé iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀ ni àbí amọ̀? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fo èyí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pinnu ẹni tó lè gbé ibẹ̀.

Ẹ wá fi ọ̀pá ṣí ewé tó ti jábọ́ ní ìpele-ìpele. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́ o, nítorí àkéekèe àti ejò. Lábẹ́ ewé tútù, ẹ ó rí fọ́nrán funfun bí òwú, ìran olú ni. Òun, ikán àti ekòló ló ń sọ ewé di ilẹ̀dú, tí gbòǹgbò kajú yóò tún fà lò. Aláǹgbá ń jẹ ikán, àwòdì ń jẹ aláǹgbá. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára inú oúnjẹ ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e, nítorí ẹlẹ́mìí kọ̀ọ̀kan ń lo èyí tó pọ̀ jù láti fi gbé ara rẹ̀ ró, ó sì ń bá ooru lọ. Ìdí nìyí tí ikán fi pọ̀ rẹpẹtẹ lóko, tí àwòdì kò sì ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ.

Ẹ tún un ṣe níbi 10. Bí ẹ bá rí hóró kajú 20 tó hù lápapọ̀, méjì ló wà nínú mítà kan níbùú lóòró, ìyẹn 20,000 nínú hẹ́kítà kan (ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 100 níbùú, mítà 100 lóòró). Ohun tí kì í rìn nìkan ni ìṣirò yìí bá mu. Ẹranko tó ń sá kiri yóò tàn yín jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ da ewé padà bó ṣe wà, kí oòrùn má baà pa àwọn tó ń gbé abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ ka ti ilẹ̀ tí wọ́n ti dáná sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà, kí ẹ lè fi méjèèjì wéra.