Mixing àti Mastering: Ibi Tí A Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Mixing ni kí a da àwọn ìró orin pọ̀ kí wọ́n lè bá ara mu; mastering ni àtúnṣe ìkẹyìn sí orin náà lódindi. Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi: ìlù, béèsì, dùùrù àti ohùn akọrin nìyí, tí a gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a tó ṣí plugin kankan (ètò kékeré tó ń yí ìró padà), ẹ fa gbogbo fader (ohun tí a fi ń gbé ìró sókè tàbí wálẹ̀) wálẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá máa gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ìlù, títí ẹ ó fi máa gbọ́ ọ̀rọ̀ akọrin ketekete láìjẹ́ pé ìlù rì. Èmi a máa pẹ́ níbí ju ibi yòókù lọ. Níbi tí orin bá ti dún kíkan jù, kí ó má kọjá -6 dB (dB ni a fi ń wọn bí ìró ṣe le tó) lórí master, ìyẹn ibi tí gbogbo ìró ti pàdé, kí àyè lè wà fún mastering.

Ó kan EQ, ohun èlò tí a fi ń gbé apá kan ìró sókè tàbí dín in kù. Mo fi high-pass filter gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) lára ohùn akọrin, nítorí ìró ẹsẹ̀ àti ariwo ẹ̀rọ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Láàárín 200 sí 400 Hz ni dùùrù, béèsì àti ohùn ti máa ń dì mọ́ra, tí orin á wá dún bí ohun tí a fi aṣọ bò. Mo dín dùùrù kù níbẹ̀ ní 3 dB, mi ò sì fọwọ́ kan akọrin. Ẹ má ṣe ìpinnu yìí nígbà tí dùùrù nìkan ń dún, torí dùùrù tó dún tẹ́ẹ́rẹ́ lóun nìkan lè jẹ́ èyí tó bá orin mu gan-an.

Akọrin wa rọra kọ ẹsẹ àkọ́kọ́, ó sì kígbe nínú ègbè, nítorí náà mo lo compressor, tó máa ń dín ìró tó bá le jù kù. Ratio 3:1 túmọ̀ sí pé bí ohùn bá fi 3 dB kọjá threshold (ààlà tí a fi fún un), 1 dB péré ni yóò fi kọjá á nígbà tó bá jáde. Bí attack, ìyẹn bí compressor ṣe ń tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bá yá jù, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yóò kú.

Ẹ fi ìlù ńlá, béèsì àti akọrin sí àárín ọ̀tún àti òsì, kí ẹ bu reverb (gbohùngbohùn bíi ti inú gbọ̀ngàn) díẹ̀ sí akọrin, kí ẹ sì fi mono (tí ọ̀tún àti òsì di ọ̀kan) gbọ́ ọ.

Ẹ gbé iṣẹ́ náà jáde ní WAV 24-bit (irú fáìlì tí kì í dín ìró kù), kí ẹ sinmi etí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mastering. Ẹ gbé orin mìíràn tí ẹ fọkàn tán sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú kí ìró méjèèjì dọ́gba, torí etí a máa ka èyí tó bá pariwo jù sí èyí tó dára jù. Ẹ fi limiter, tí kì í jẹ́ kí ìró kọjá ààlà, sí ìparí, kí ceiling rẹ̀ (ààlà náà) wà ní -1 dB. Kò sí èrè nínú fífún orin pọ̀ kí ó lè pariwo, nígbà tí Spotify máa ń dá a padà sí nǹkan bíi -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo sí etí). Bí ó bá jẹ́ CD ni, ẹ sọ ọ́ di 16-bit àti 44.1 kHz, kí dither (ariwo kékeré tí a fi ń bo àṣìṣe tí dídín bit kù ń fà) jẹ́ ohun tí ẹ ó fi kẹ́yìn.