Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bàálù Rò Pé Ilẹ̀ Ti Dé

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. A ò ní pápákọ̀ òfurufú nílùú wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó ń lọ wọ bàálù ní Àkúrẹ́, ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó ò níye. Ìbéèrè kan ni wọ́n sì máa ń bi mí jù: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ló ń wa bàálù báyìí? Tó bá wá ṣìṣe ńkọ́?"

Òótọ́ ni. Ó ń wà á, ó sì ń wà á dáadáa. Ibi tó ti le ni ìgbà tí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, torí eré ti dín kù, ilẹ̀ ti sún mọ́, àyè àtúnṣe ò sì pọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ká tú u wò.

Ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ọdún 2009. Bàálù Boeing 737-800 ti Turkish Airlines gbéra ní Istanbul, ó ń lọ sí Amsterdam. Èèyàn 135 ló wà nínú rẹ̀. Páìlọ́ọ̀tì mẹ́ta ló wà níwájú: ọ̀gá, igbákejì tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ẹnì kẹta tó ń bá wọn ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ló ń wọn bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí bàálù, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ti apá òsì ló dàrú. Wọ́n ṣì wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,000 lókè tí nọ́ńbà tó ń gbé jáde fi já sí 8 nísàlẹ̀ òdo, bí ẹni pé táyà ti kan ilẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló pa wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń tẹná fún ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ apá òsì ló ń gbọ́. Ó gbọ́ pé ilẹ̀ ti dé, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe bí ilẹ̀ bá dé: ó fa iná wálẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ adáwakọ̀ tó ń di ojú ọ̀nà mú, apá ọ̀tún ni tirẹ̀ ń gbọ́, apá ọ̀tún ò sì bàjẹ́. Òun mọ̀ pé òkè ni wọ́n ṣì wà. Bí eré ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń gbé imú bàálù sókè, kó má bàa jábọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Bí imú ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ leré ń tán sí i.

Ẹ ó ní, ṣé àwọn páìlọ́ọ̀tì ò rí i ni? Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Ibi tí àwọn tó ń darí bàálù látilẹ̀ ti mú wọn wọ ojú ọ̀nà ti sún mọ́ pápá jù, wọ́n sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní láti yára sọ̀kalẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ yára sọ̀kalẹ̀ á dín iná kù. Dírẹ́bà kòròpé tó ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ta ni yóò bi í pé kí ló dé? Ohun tí wọ́n ń retí ni ẹ̀rọ tó ṣìnà yẹn ń ṣe. Kò sí ariwo tó sọ fún wọn pé iná ti wálẹ̀ jù, kò sí èéfín. Àmì kékeré tó sọ pé iná ti wálẹ̀ fún ìbalẹ̀ wà níwájú wọn, àmọ́ ojú wọn wà lórí iṣẹ́ tí wọn ò tíì ṣe tán.

Eré tó yẹ kí wọ́n di mú jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 267 ní wákàtí kan. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 198. Ní ẹsẹ̀ bàtà 460, ọ̀pá ìdarí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì: ìkìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ ò ní lè gbé bàálù mọ́. Igbákejì ti iná síwájú. Ọ̀gá ní kó fi í sílẹ̀ fún òun. Láàárín kí ọwọ́ kan tú kí òmíràn tó dì í mú, ẹ̀rọ tí wọn ò tíì pa tún fa iná padà sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n fi tì í síwájú délẹ̀, ó ti pẹ́. Inú oko ni wọ́n já sí kí wọ́n tó dé pápá. Èèyàn mẹ́sàn-án kú, àwọn páìlọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára wọn.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ inú bàálù náà wò, wọ́n rí i pé nínú ìbalẹ̀ mẹ́jọ tó ṣe kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Àwọn tó wà á nígbà náà tètè rí i, wọ́n gba iná lọ́wọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì balẹ̀ láyọ̀. Ẹni tó ń wo eré lásìkò yẹn ló ṣe ìyàtọ̀.

Nígbà míì, nǹkan kan ò tilẹ̀ bàjẹ́. Ní San Francisco, ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 2013, àwọn páìlọ́ọ̀tì bàálù Asiana rò pé ẹ̀rọ ń bá wọn ṣọ́ eré. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó ti jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Èèyàn mẹ́ta kú nínú 307.

Òfin kan wà tí bàálù Amsterdam yẹn rékọjá: nínú ìkùukùu, bí gbogbo nǹkan ò bá tíì tò ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ẹ má balẹ̀, ẹ gbéra padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ kan, tí ilẹ̀ ti ń sún mọ́, tí ẹ́ńjìnì ṣàdédé hó, tí bàálù tún forí lé òkè, ẹ má pariwo, ẹ má sì bú páìlọ́ọ̀tì. Ó ti rí nǹkan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì fẹ́ yípo kó tún un ṣe. Ẹ de bẹ́líìtì yín dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀.