Oògùn Aléjì, Ọmọ Kékeré àti Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Délé: Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa o, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi. Bí ẹ bá ń gbọ́ àkùkọ lẹ́yìn ohùn wa, ẹ má bínú. Houston kọ́ ni mo wà lónìí, Àǹtí Bọ́lá tó ń ta oògùn ní Leeds náà ò sí lọ́hùn-ún. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété la jókòó sí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n, ètè gbogbo wa sì ti bẹ́. Àǹtí mi, ẹ kú ọyẹ́ o.

Àǹtí Bọ́lá: Kú ọyẹ́, Délé. Ọmọ ńkọ́?

Délé: Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń lé adìyẹ kiri, a dúpẹ́. Òun gan-an ni mo fẹ́ kí a torí ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá sílé nìyí. Ní ọjọ́ kẹta tí a dé, wọ́n ń gbálẹ̀ àgbàlá láàárọ̀, eruku ń ru sókè bí èéfín. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Mo kà á, ó sín nígbà mọ́kànlá láìsinmi. Imú ń ṣomi, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú títí ojú fi pọ́n kankan. Nígbà tó dalẹ́, ara rẹ̀ lé káàkiri bí ẹni pé ẹ̀fọn mọ́kànlélógún ló jẹ ẹ́: itan, ikùn, ẹ̀yìn ọrùn.

Àǹtí Bọ́lá: Èmi ò tíì dé nígbà yẹn.

Délé: Ẹ wà nínú ọkọ̀ òfúrufú, mo pè yín, kò wọlé. Mo bá sáré lọ sí kẹ́míìsì kan. Wọ́n fún mi ní omi oògùn aléjì, wọ́n ní, "Ẹ fún un ní ṣíbí kan, á sùn dáadáa." Mo délé, mo mú ṣíbí tí a fi ń jẹ ìrẹsì, mo bu ún kún, ọmọ gbé e mì. Lóòótọ́, yíyún náà rọlẹ̀, ó sì sùn. Àmọ́ nígbà tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pè é, kò dáhùn. Mo gbé e dìde, orí rẹ̀ ṣubú lé mi léjìká. Ó la ojú kan, ó tún pa á dé. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ètè òkè lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Àǹtí mi, àyà mi já. A ò fọ ojú tí a fi gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí a jókòó tì í títí oorun náà fi máa dá lójú rẹ̀.

Àǹtí Bọ́lá: Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e lọ. Mo wo ìgò náà nígbà tí mo dé. Chlorphenamine ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ sí Piriton. Kò sí àbùkù lára oògùn náà, ọdún rẹ̀ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Mílígíráàmù 2 ló wà nínú mílílítà 5. Ọmọ ọdún 2 sí 5, mílígíráàmù 1 ni tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn mílílítà méjì àtààbọ̀, kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 6 lọ láàárín wákàtí 24. Ṣíbí ìjẹun ńlá tó kún lè gba mílílítà 15. Bá mi ṣírò rẹ̀.

Délé: Mílígíráàmù 6.

Àǹtí Bọ́lá: Òdiwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá láti àárọ̀ di àárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbé e mì. Ẹni tó ta á sọ pé ṣíbí kan. Ṣíbí wo? Kò sọ, ìwọ náà ò sì béèrè. Ọ̀rọ̀ ṣíbí yìí ń dùn mí gan-an, torí mo ń rí i ní Leeds, mo ń rí i níbí.

Délé: Ohun tó sì tàn mí jẹ ni oorun yẹn. Nígbà tó sùn, mo rò pé oògùn ti ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àǹtí Bọ́lá: Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dé. Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú awọ ara, nínú imú, nínú ọ̀fun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó kó ohun kan pamọ́, histamine lorúkọ rẹ̀. Bí ara ọmọ bá kọ nǹkan, bóyá eruku, bóyá ẹ̀pà, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á tú u síta. Histamine ní àga tirẹ̀ tó máa ń lọ jókòó lé. Bó bá ti jókòó, ara á máa yún, imú á máa ṣomi, awọ á wú. Oògùn aléjì kì í lé histamine jáde. Àga ló ń lọ gbà kí histamine tó dé ibẹ̀.

Délé: Bíi kí èèyàn tètè dé òde ìnáwó kó lè ríbi jókòó.

Àǹtí Bọ́lá: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ọmọ tí a ti mọ̀ pé eruku ń bá jà lo tirẹ̀ kó tó jáde sínú ọyẹ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ojú bá ti wú. Wàyí o, irú àga yẹn wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí histamine ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí a wà lójúfò. Àwọn oògùn àtijọ́, chlorphenamine, promethazine, diphenhydramine, wọ́n máa ń wọ inú ọpọlọ lọ gba àga yẹn náà. Oorun tí o rí yẹn, inú ọpọlọ ló ti wá. Kì í ṣe ara tó ń yún ni oorun ń wò. Àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé dípò kí wọ́n sùn, ṣe ni ara wọn ò ní balẹ̀ mọ́, wọ́n á máa fò kiri lóru, wọ́n á máa sunkún.

Délé: Àwọn ti ìsinsìnyí ńkọ́?

Àǹtí Bọ́lá: Cetirizine àti loratadine. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà wọ ọpọlọ, wọ́n sì ń pẹ́ lára. Chlorphenamine, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni agbára rẹ̀. Fún ọmọ ọdún 2 sí 5, cetirizine mílígíráàmù méjì àtààbọ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Omi rẹ̀ tí à ń tà, mílígíráàmù 5 ló wà nínú mílílítà 5, nítorí náà mílílítà méjì àtààbọ̀ láàárọ̀, méjì àtààbọ̀ lálẹ́. Bí kíndìnrín ọmọ bá ní wàhálà, kí dókítà sọ iye tó máa lò. Cetirizine náà lè mú kí ojú ọmọ mìíràn wúwo díẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ òun la ń fún ọmọ rẹ báyìí, ìwọ náà sì ti rí bó ṣe ń lé adìyẹ.

Délé: Kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ti Benadryl, torí ní Houston, kò sí ilé Yorùbá tí mo wọ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Àǹtí Bọ́lá: Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin tó ń fi oògùn ránṣẹ́ síra yín láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Benadryl ti Amẹ́ríkà, diphenhydramine ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́. Benadryl tí mò ń tà ní Leeds, cetirizine ni ọ̀kan, acrivastine ni èkejì. Orúkọ kan náà, oògùn ọ̀tọ̀tọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ní London bá sọ lórí fóònù pé "Benadryl ni mò ń fún tèmi," tí ìwọ lọ bu ti Houston fún ọmọ rẹ, ẹ ò lo nǹkan kan náà. Orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá ni kí ẹ máa kà.

Délé: Àwa kan sì máa ń fún ọmọ ká tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, kó lè sùn títí dé Èkó.

Àǹtí Bọ́lá: Mo mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí ti Amẹ́ríkà yẹn pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó láti fi mú ọmọ sùn. Ti promethazine tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sí i pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, torí ó lè dá èémí ọmọ náà dúró. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá. Ariwo ọmọ nínú ọkọ̀ òfúrufú kì í pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó ké.

Délé: Àwọn oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ńkọ́?

Àǹtí Bọ́lá: Púpọ̀ nínú wọn ni oògùn aléjì wà nínú wọn. Ìyá á fún ọmọ ní ti ọ̀fìnkìn, bàbá á fún un ní ti ara yíyún, ọmọ á ti gba ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti sọ ní ìlú Ọba pé kí a má ta oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ibi tí o ti rà á náà ṣe pàtàkì. Ní 2022, ní orílẹ̀-èdè Gámbíà, ọ̀pọ̀ ọmọ kú nígbà tí kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀, omi oògùn mẹ́rin ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé májèlé wà nínú wọn. Omi promethazine kan wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Níhìn-ín, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wò ó bóyá ìdérí ìgò ti já tẹ́lẹ̀.

Délé: Bí ọ̀rọ̀ bá wá kọjá ara yíyún ńkọ́? A wà nílùú kajú níbí, ẹ̀pà sì wà lórí gbogbo àtẹ.

Àǹtí Bọ́lá: Bí ọmọ bá jẹ kajú tàbí ẹ̀pà, tí ahọ́n tàbí ètè rẹ̀ wú, tí ohùn rẹ̀ há, tí èémí rẹ̀ ń dún, tó ń bì, tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ má wá omi oògùn kankan. Oògùn aléjì ò lè ṣí ọ̀fun tó ti ń dí. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló ń gbà á là, ẹ̀gbẹ́ itan ni wọ́n ń gún un sí. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́ yìí lókè òkun, ẹ gbé méjì wá sílé, ẹ má fi sínú àpótí tó máa lọ sábẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá sí, ẹ gbé ọmọ wọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ kọrí sí ilé-ìwòsàn Bowen, ti Baptist àtijọ́ yẹn. Ẹ má gbé e kọ́ èjìká, ẹ jẹ́ kó sùn gbalaja, àyàfi bí èémí bá nira fún un, kó jókòó nígbà náà.

Délé: Ti oje máńgòrò tó máa ń bó ọmọ lẹ́nu ńkọ́?

Àǹtí Bọ́lá: Ìyẹn kì í ṣe ti histamine. Ẹbí kan náà ni máńgòrò àti kajú, oje ara wọn ló ń bó awọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kíákíá. Oògùn aléjì ò lè ṣe púpọ̀ sí i.

Délé: Màmá ló máa wà pẹ̀lú ọmọ lọ́la, èmi ní ìpàdé ní Ìbàdàn. Lánàá, Àǹtí Bọ́lá mú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lórí, wọ́n fi kùtẹ́ẹ̀sì pupa fa ìlà sí méjì àtààbọ̀. Màmá gbé e sójú, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Àǹtí Bọ́lá: Wọ́n fa omi lásán títí dé ojú ìlà, wọ́n tú u dà sínú ṣíbí ìjẹun yẹn. Kò tilẹ̀ bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn pẹ́ díẹ̀.

Délé: Wọ́n wá ní, "Gbogbo tiẹ̀ nìyí?"

Àǹtí Bọ́lá: Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Màmá." Wọ́n bá kó ṣíbí náà lọ sí kíṣìnnì, wọ́n fi síríńjì sínú ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì wọn.