Omi Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Dà Sí I: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Egbò Iná àti Ojú Iṣẹ́ Abẹ, ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ìyá wa aládìrẹ láti Ìtòkú àti Àṣerò, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó kún ẹ̀yìn gbọ̀ngán, ẹ kú ìjókòó.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ń ṣe nípa egbò iná àti ojú iṣẹ́ abẹ. Mo mọ̀ pé béèyàn bá ti gbọ́ ìwádìí, ọkàn rẹ̀ á lọ sórí ẹ̀rọ olówó gọbọi lókè òkun. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí wọ́n ti dán wò, èyí tó wúlò fún wa jù níbí kò wọ́n: omi, oyin tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, ìbọ̀wọ́ tuntun, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan tó bọ́ sákòókò. Iṣẹ́ tó ṣòro ni kéèyàn ya èyí tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a kàn bá nílẹ̀.

Bí omi láfún tó ń hó yaya bá dà sí ọmọ lápá, ooru yẹn kì í tán lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ń jó ara lọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ọmọ kúrò nídìí àdògán. Oníṣẹ́ abẹ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Jackson ṣàlàyé ní 1953 pé ọ̀nà mẹ́ta ni egbò iná pín sí. Àárín gbùngbùn ti kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Etí rẹ̀ lóde kàn pọ́n ni, á jinná fúnra rẹ̀. Èyí tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ẹjẹ̀ ò ti ṣàn dáadáa mọ́; ó lè yè, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wa wà.

Omi tútù tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20, la kọ́kọ́ fi ń jà á. Omi yìnyín kọ́ o. Yìnyín máa ń mú kí òpó ẹjẹ̀ fún pọ̀, ó sì lè mú kí ara ọmọ kékeré tutù jù. Àwọn oníwádìí ní Queensland, ní Ọsirélíà, yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ 2,495 tí iná jó wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2020. Bí wọ́n bá ti da omi tútù sí ọmọ lára tó ìṣẹ́jú 20 láàárín wákàtí 3 àkọ́kọ́, ewu pé wọ́n á ní láti bó awọ láti itan rẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ ojú egbò fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 dín kù. Ẹ fetí sí wákàtí 3 yẹn dáadáa. Bí ẹ bá débẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àtààbọ̀ tẹ́ ẹ sì rí i pé ariwo lásán ni gbogbo ilé ń pa, ẹ ṣì bomi wá.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé wọ́n wá ṣẹ́ kèké lé àwọn ọmọ náà lórí, kí ìdajì wọn má rí omi? Rárá o. Ta ló máa fọwọ́ sí irú ẹ̀? Àkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, àkọsílẹ̀ nìkan sì lè tanni jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wo ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú, torí awọ ẹlẹ́dẹ̀ sún mọ́ tiwa. Ohun kan náà ni méjèèjì sọ.

Mo tún mọ ohun tó wà lọ́kàn yín: ẹ̀rọ omi wo ló ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ní Abẹ́òkúta? Ẹ fi ike bù ú nínú dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ rọra máa dà á. Bí píọ̀ wọ́tà ló wà nílé, ẹ tú báàgì kan. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ọwọ́ tó wú, torí tó bá wú tán, òrùka á dí ẹjẹ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn omi, ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ojú egbò, kẹ́ ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn.

Ẹyin tútù ńkọ́? Ògì, ọṣẹ ìfọyín, epo pupa ńkọ́? Gbogbo wọn la máa ń bá lójú egbò. Ẹyin á ti gan mọ́ ara ọmọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nọ́ọ̀sì á sì ní láti fi omi àti gọ́ọ̀sì ha á kúrò ká tó mọ bí iná ṣe jìn tó. Ọmọ tó ti jẹ̀rora lẹ́ẹ̀kan á tún jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹyin tútù sì lè gbé kòkòrò Salmonella wọ ibi tí kò ní awọ mọ́. Bí ara bá lé róró, ẹ má bẹ́ ẹ nílé.

Tẹ̀yin aládìrẹ tún yàtọ̀, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n fi ń pa aró, ọwọ́ àwọn ìyá àgbà kàn máa ń dúdú títí dé ìgúnpá ni. Kọ́sítíìkì tẹ́ ẹ ń dà sí aró báyìí lágbára ju omi eérú lọ fíìfíì. Áásìdì sábà máa ń mú kí ojú ara le, líle yẹn á sì dí i lọ́nà díẹ̀. Kọ́sítíìkì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń sọ ọ̀rá ara di ọṣẹ, tó sì ń wọlé lọ. Ẹ̀yin tó ti ta sí lọ́wọ́ rí mọ̀ ọ́n: ọwọ́ á kọ́kọ́ máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Yíyọ̀ yẹn, ara yín ló ń yọ́.

Bó bá jẹ́ èyí tí ò tíì pò mọ́ omi ló dà sí yín lára, ẹ fi aṣọ gbígbẹ gbọ̀n ọ́n dànù ná, kẹ́ ẹ bọ́ aṣọ tó bá kàn, kẹ́ ẹ tó da omi sí i. Ìṣẹ́jú 20 ò tó fún èyí. Ó lè gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pé kíkan á pa á. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ooru ni wọ́n ń mú jáde, ìyẹn iná lórí iná. Bó bá ta sí ojú, ẹ la ojú náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa da omi sí i títí tẹ́ ẹ fi máa rí ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ sínú ike omi tàbí ìgò ohun mímu. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tó bá gbé e mu lè fún títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àbẹ́là gbígbóná, omi náà ni. Ẹ má já a kúrò tipátipá, awọ á bá a lọ. Àmọ́ bí ìkòkò àbẹ́là fúnra rẹ̀ bá gbiná lórí sítóòfù, ẹ má da omi sí i, á fọ́n iná káàkiri ni. Ìdérí ni kẹ́ ẹ fi bò ó.

Ọ̀rọ̀ oyin dùn mọ́ mi, torí ó fi hàn pé àwọn àgbà ò ṣìnà lórí ohun gbogbo. Ní 2015, àwọn ará Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí jọ kí wọ́n lè wọ̀n wọ́n wò, rí i pé fún egbò iná tí kò jìn tán, oyin ń mú un jinná ní nǹkan bí ọjọ́ 4 sí 5 ṣáájú àwọn ohun ìdì egbò tí wọ́n sábà ń lò. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n oyin tí ilé ìwòsàn fi ń di egbò, wọ́n ti fi ìtànṣán pa kòkòrò inú rẹ̀. Oyin inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ta ló mọ ìwọ̀n ṣúgà tó wà níbẹ̀? Bó sì jẹ́ oyin ìgàn gidi, kòkòrò kan wà tó lè sùn sínú rẹ̀ láìkú.

Àṣà míì tí ìwádìí ti bì ṣubú ni ká ṣí egbò sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i títí á fi sé èépá. Ní 1962, oníwádìí kan tó ń jẹ́ George Winter dá egbò sí ara ẹlẹ́dẹ̀, ó bo àwọn kan kí wọ́n má baà gbẹ, ó sì ṣí àwọn yòókù sílẹ̀. Àwọn tó bò yára bo ojú ara wọn ní ìlọ́po méjì. Awọ tuntun kì í lè rìn lórí èépá. Ó ní láti wá ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀.

Egbò tó jìn gan-an ò ní dúró de oyin. Zora Janžekovič, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Maribor, ní Slovenia, fi hàn ní 1970 pé ó sàn ká tètè gé òkú ara kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀, ká sì lẹ awọ mọ́ ọn, ju ká máa retí kó jẹrà kúrò.

Ọ̀rọ̀ dírípù ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn pẹ̀lú ìka rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 ara rẹ̀. Apá kan jẹ́ 9, ẹsẹ̀ kan 18. Ká ní gáàsì bú gbàmù mọ́ obìnrin tó wọn kílò 60, tí ó jó ìdá 20 ara rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní ilé ìwòsàn Parkland ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1968, láti mọ bí omi dírípù ṣe máa pọ̀ tó, ni pé kí á fi mìlílítà 4 sọ kílò rẹ̀ di púpọ̀, kí á tún fi ìdá tó jó sọ ọ́ di púpọ̀: 4,800, ìyẹn lítà 4.8 ní ọjọ́ kan. Ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé ní wákàtí 8 àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí iná jó o la ti ń ka wákàtí yẹn, kì í ṣe ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ti fi wákàtí 5 gbé e kiri, wákàtí 3 péré ló ṣẹ́kù fún lítà 2.4. A máa ń fi ìtọ̀ rẹ̀ ṣọ́ ọ, bóyá ká dín in kù ni o, bóyá ká fi kún un.

Ó kan ojú iṣẹ́ abẹ wàyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní Áfíríkà, nínú obìnrin 100 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún, ó lè tó 20 tí ojú ọgbẹ́ wọn á kó kòkòrò. Ní 2022, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ChEETAh jáde. Orílẹ̀-èdè 7 ló kópa, Nàìjíríà, Benin àti Ghana wà nínú wọn. Ilé ìwòsàn 81, aláìsàn 13,301. Ẹ fojú inú wo tíátà: wọ́n ti ṣe iṣẹ́ inú ikùn tán, ó ku kí wọ́n rán an. Oníṣẹ́ abẹ á bọ́ ìbọ̀wọ́ tó ti fi kan ìfun, á wọ òmíràn. Nọ́ọ̀sì á ti àwo irinṣẹ́ tí wọ́n ti lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ṣí èyí tí wọ́n ti dì pa mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣẹ́ kèké fún lọ́tẹ̀ yìí, láti mọ èyí tó máa pààrọ̀ àti èyí tí kò ní pààrọ̀. Níbi tí wọn ò ti pààrọ̀, ojú ọgbẹ́ 18.9 nínú 100 ló kó kòkòrò. Níbi tí wọ́n ti pààrọ̀, 16.0 ni. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ò tó nǹkan, kó lọ bi ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọyún ń jáde lára ọgbẹ́ rẹ̀.

Ìwádìí FALCON, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, tún dùn mọ́ mi nínú bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfo ló jọ. Aláìsàn 5,788 ni wọ́n fi wé chlorhexidine pẹ̀lú iodine, ìyẹn oògùn méjì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ojú awọ kí wọ́n tó là á, wọ́n sì tún wé okùn ìránra tí wọ́n fi oògùn pa pẹ̀lú èyí tí kò ní oògùn. Kò sí ìyàtọ̀. Ilé ìwòsàn tí owó rẹ̀ ò tó lè lo èyí tó pọ́ọ́kú láìdẹ́bi fún ara rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2016 pé kí á má fi abẹ fá irun ibi tí a fẹ́ là, pé kí á fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò láàárín ìṣẹ́jú 120 kí abẹ tó kàn án, kí á má sì máa fún un lọ lẹ́yìn iṣẹ́ torí ìbẹ̀rù nìkan. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má bínú sí dókítà tí kò kọ oògùn ọjọ́ méje.

Ẹnì kan nínú ẹ̀yin ìyá béèrè ìgbà tó lè padà sídìí ìdì aṣọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọgbẹ́ ò tíì ní agbára tó ìdá 5 nínú 100 ti awọ àtilẹ̀wá. Ó di nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó sún mọ́ ìdá 80, kì í sì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òkè bá ti gbẹ, inú ṣì ń hun ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọṣẹ́ gbé ìdì náà títí dókítà yín á fi ní ó yá.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá a ò ní sọ àwọn èèyàn di ẹran ìdánwò. Ìbéèrè náà tọ̀nà. A ò gbàgbé Kano ní 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tó ní àrùn yírùnyírùn, tí ọ̀rọ̀ bóyá àwọn òbí mọ ohun tí wọ́n gbà sí fi di ẹjọ́, tí wọ́n sì wá bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano parí rẹ̀ ní 2009. Nàìjíríà ní ìlànà ìwà ọmọlúàbí fún ìwádìí ìlera láti 2007. Bí wọ́n bá pè yín sí ìwádìí ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwádìí hàn yín, ẹ béèrè irú ìtọ́jú tẹ́ ẹ máa rí gbà bẹ́ ẹ bá kọ̀, kí wọ́n sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i lónìí, ẹ lè jáde lọ́la, wọn ò sì gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ dín ìtọ́jú yín kù.