Èèbù ti wà nínú ebè: ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ádífẹ́ǹtì

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn kan ní kí n kọ ohun tí mo sọ ní kíláàsì Bíbélì sílẹ̀ fáwọn tí ò ráyè wá, òun náà rèé, bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Ádífẹ́ǹtì, Sọ́ńdè mẹ́rin tá a fi ń dúró de Kérésì ni, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Sọ́ńdè tó bá súnmọ́ 30 November jù, kì í dín ní ọjọ́ 22, kì í sì ju 28 lọ. Aṣọ pẹpẹ á di àlùkò, àwọn Kátólíìkì ò ní kọ Glóríà, orin ìyìn inú Máàsì, ní Sọ́ńdè, torí Ìjọ fẹ́ ká dúró. Àmọ́ àwa ńkọ́? Kí November tó parí iná Kérésì ti ń ṣẹ́jú lára ògiri, gbogbo àdúrà wa sì ti di "kí ọdún yìí tó parí, kí ọdún yìí tó parí." Ó ń dùn mí o. Bí ọdún bá wá parí tí ẹnì kan ò tíì rí tiẹ̀ gbà, kí la fẹ́ kó máa rò nípa Ọlọ́run?

Jákọ́bù 5:7 ní ká wo àgbẹ̀ tó ń mú sùúrù de òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Nílẹ̀ Ísírẹ́lì tiwọn lọ́hùn-ún, bí October sí November ni àkọ́rọ̀ máa ń rọ̀, tiwa di bíi March, inú ọyẹ́ ni Ádífẹ́ǹtì ń bá wa. Ẹ wá lọ wo oko iṣu lápá Ọ̀yọ́ lásìkò yìí, ilẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń ri èèbù sí i, wọ́n á fi koríko gbígbẹ dé e lórí kí oòrùn má bàa jó o, bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì sí! Ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó yọrí. Àgbẹ̀ ò sì jẹ́ máa hú èèbù wò láràárọ̀ pé ṣé ó ti ta gbòǹgbò, bó bá hú u, ó bà á jẹ́ nìyẹn. Ìdúró tí mò ń wí nìyí, àgbẹ̀ ti ṣe tiẹ̀, ó ti yọwọ́. Ẹni tí ò gbin nǹkan kan, kò dúró de nǹkan kan, ó kàn jókòó ni.

Ẹ wo Síméónì nínú Lúùkù 2, ọkùnrin tí Ẹ̀mí Mímọ́ ti sọ fún pé kò ní kú kó tó rí Kristi. Lẹ́yìn gbogbo ìretí yẹn, kí ló rí? Jésù, ọmọ ọwọ́ tí ọrùn ẹ̀ ò tíì le, tí òbí ẹ̀ ò lágbára àgùntàn, ẹyẹ méjì ni wọ́n mú wá rúbọ. Síméónì ò gbọ́ ìwàásù Jésù kankan, kò rí iṣẹ́ ìyanu kankan, ó gbé ọmọ mọ́ra, ó ní kí Olúwa jẹ́ kóun máa lọ ní àlàáfíà, ojú òun ti rí i. Ẹ̀hù lásán ló rí, kò rí iṣu, ó sì tó o. Mo pẹ́ lórí ibí yìí gan-an, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́.

Màmá kan wá béèrè pé ọdún 11 lòun ti ń retí ọmọ, ṣé òun ṣì máa dúró ni? Mi ò sọ fún un pé á bí lámọ́dún, torí Ọlọ́run ò rán mi ní irú ìyẹn. Mo ní kó wá jókòó tì wá níwájú. Nínú àbẹ́là Ádífẹ́ǹtì mẹ́rin tá a máa ń fi ọ̀kan kún ní Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan, a tan ìkejì, a fi méjì yòókù sílẹ̀ láìtàn, a ò kọrin, a kàn ń wò ó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Màmá yẹn ló dìde kẹ́yìn.